Ara Ọkọ̀ Tí Kò Wúwo

Ènìyàn kò lè pẹ́ ní Sókótó kí ó má gbọ́ orúkọ Jelani Aliyu. Kàdúná ni a bí i sí ní 1966, ṣùgbọ́n ìlú Sókótó níbí ni ó ti dàgbà, Federal Government College tí ó wà níbí ni ó sì ti parí ẹ̀kọ́ girama ní 1983. Òun ni ó ṣíwájú nínú yíya ìrísí ìta Chevrolet Volt, ọkọ̀ oníná mànàmáná tí General Motors kọ́kọ́ gbé jáde fún àfihàn ní Detroit ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007. Ìtàn yìí ni àwọn òbí ibí fi ń gba ọmọ níyànjú. Ohun tí wọn kì í sọ fún ọmọ ni pé kì í ṣe irin nìkan ni a fi ṣe ara ọkọ̀ àfihàn náà. GE Plastics ni ó pèsè oríṣiríṣi ike líle tí a fi ṣe òrùlé, ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ọkọ̀ náà lè fúyẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni SABIC ti ilẹ̀ Saudi Arabia ra GE Plastics. Nígbà tí Volt dé ọjà ní ìparí 2010, púpọ̀ nínú àwọn ike náà kò bá a dé ibẹ̀.

Ọmọ mi kejì mọ ìtàn yìí jù mí lọ. Ó ti gba ìwé-ẹ̀rí ND nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì ra ògbólógbòó ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì kan tí ó ti forí sọ nǹkan. Ọkọ̀ asáré ni ó fẹ́ sọ ọ́ dà. Èrò rẹ̀ ni kí òun tú bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìdérí búùtù onírin kúrò, kí òun sì fi carbon fibre ṣe òmíràn. Òkè-òkun ni aṣọ carbon fibre náà yóò ti wá, owó tí a fi pamọ́ fún HND rẹ̀ ni ojú rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Àbúrò mi tí ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní eré ọmọdé ni. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kọ́ni ní físíìsì ní ìlú yìí kò lè pè é bẹ́ẹ̀, nítorí òótọ́ ni ọmọ náà ń sọ nípa ìwúwo. Ọkọ̀ tí ó fúyẹ́ a máa tètè gbéra, a máa tètè dúró bí a bá tẹ bíréèkì, a sì máa rọrùn láti darí ní kọ́nà. Bí omi tí ó kún ìgò kan bá wọn kílò kan, irin tí ó kún ìgò kan náà yóò wọn nǹkan bí kílò 7.8, alumíníọ́mù yóò wọn 2.7; carbon fibre tí a ti fi résìnì lẹ̀ yóò wọn nǹkan bí 1.6.

Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá ti wo ògiri ilé àtijọ́ nínú ìlú Sókótó yóò ti rí koríko nínú amọ̀ rẹ̀. Amọ̀ nìkan a máa sán, koríko nìkan kò lè dúró. Koríko ni ó ń gba ipá bí nǹkan bá ń fa ògiri, amọ̀ ni ó ń di koríko mú sí ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fáíbà: òwú gíláàsì ni koríko, résìnì ni amọ̀. Fáíbà ni General Motors fi ṣe ara Corvette àkọ́kọ́ ní 1953, ọ̀ọ́dúnrún péré ni wọ́n sì ṣe lọ́dún náà. Ní 1981, McLaren fi carbon fibre ṣe MP4/1 fún ìdíje Formula 1. Nígbà tí John Watson fi ọkọ̀ náà forí sọ ní Monza lọ́dún náà, ẹ́ńjìnì já kúrò lára ọkọ̀, awakọ̀ sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀.

Ibi tí èmi àti ọmọ mi ti ń jiyàn ni pé ṣé dandan ni kí òwú náà jẹ́ carbon. Àwọn ará Jámánì Ìlà-Oòrùn kò rí irin tó nígbà náà, ni wọ́n bá fi àṣẹ́kù òwú lásán pẹ̀lú résìnì ṣe ara Trabant láti 1957, wọ́n sì ṣe é ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ọkọ̀ yẹn kì í sáré, ọmọ mi sì fi í rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún un pé ní 2019, Porsche fi òwú ewéko bí ọ̀gbọ̀ àti hemp ṣe ilẹ̀kùn àti ìyẹ́ ẹ̀yìn 718 Cayman GT4 Clubsport, ọkọ̀ ìdíje gidi. Ẹ̀rín dúró. (Hemp yìí, ìbátan igbó ni, ṣùgbọ́n kò ní agbára tí ń pa ènìyàn lọ́bọlọ̀, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má fi ọkọ̀ Porsche ṣe àwáwí.)

Tiwa ńkọ́? Ohun ọ̀gbìn kan wà tí àwọn Haúsá ń pè ní rama, èèpo rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe okùn. Òun náà ni àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń pè ní kenaf, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí IAR&T ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ford fi kenaf sínú ilẹ̀kùn Escape ti 2013, wọ́n sì sọ pé ó dín ìwúwo ẹ̀yà náà kù ní ìdá mẹ́rin kan. Inú ilẹ̀kùn ni o, kì í ṣe ìta. Òwú ewéko fúyẹ́ ju òwú gíláàsì lọ, ṣùgbọ́n a máa mu omi, bí ó bá sì ti mu omi, yóò wú, résìnì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lára rẹ̀. Agbára rẹ̀ kò sì sún mọ́ ti carbon rárá. N kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe ibi tí yóò dáàbò bo ẹ̀mí bí ọkọ̀ bá forí sọ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìdérí búùtù kò gbé ẹrù ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo gbà pé a lè dán an wò.

Ohun tí a fẹnu kò lé nìyí: owó HND kò ní yí ipò padà. Èmi yóò ra résìnì àti fáíbà díẹ̀, òun yóò wá rama. Ìpele rama kan ni yóò wà láàárín ìpele fáíbà méjì, kí omi má baà rí i mu. Ọyẹ́ ni a fi ṣe é, nígbà tí afẹ́fẹ́ Sókótó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ètè ènìyàn ń là. Ìyẹn wúlò fún òwú tí kò gbọ́dọ̀ ní omi nínú.

Ìyá rẹ̀ gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀, ó sì tọ̀nà. Kò gbọdọ̀ po résìnì níbi tí àwọn ọmọdé ń sùn, nítorí òórùn rẹ̀ a máa kọ lu orí. Kò gbọdọ̀ fi yanrìn-pépà ha fáíbà láìbo imú, nítorí eruku gíláàsì ni ń jáde. Hádínà tí a ń dà sí i lè fọ́ ojú ènìyàn. Bí a bá sì dà á jù, résìnì yóò gbóná, yóò máa rú èéfín, ó tilẹ̀ lè gbiná.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ti wà lórí ọkọ̀. Ọwọ́ kan ni ọmọ náà fi gbé e wá fún mi láti wò. Ó fi kọ́kọ́rọ́ méjì sí iwájú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i bí ọkọ̀ bá ń sáré, àwọ̀ funfun ni mo sì ní kí ó kùn ún. Ooru ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí báyìí. Oòrùn Sókótó ní oṣù kẹrin a máa kọjá 40°C nínú ìbòòji, ẹ́ńjìnì tún ń gbóná nísàlẹ̀ rẹ̀, résìnì tí kò wọ́n sì máa ń rọ̀ bí ooru bá pọ̀ jù. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ọmọ náà ń gbé igi títọ́ kan lé e lórí láti mọ̀ bóyá ó ti ń tẹ̀. Bí ó bá la oṣù kẹrin já láìtẹ̀, èmi ni n óò san owó résìnì ti ìdérí búùtù.