Òfin Mẹ́rin Tí Mo Fi Ń Ṣọ́ Ọkàn Mi

 

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, gbogbo ẹbí ló péjú síbi ìsọmọlórúkọ, àfi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọn kò wá, wọn kò sì pè. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, mo ti dá wọn lẹ́jọ́ nínú ọkàn mi pé ìlara ni. Mo fi ọ̀rọ̀ kòbákùngbé ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi yan ara wa lódì. Mò ń kírun o, ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ọkọ mi bá sọ, màá gbaná jẹ.

Nígbà tó yá, ìyá wa gbọ́ òdodo ọ̀rọ̀, wọ́n sì sọ fún mi. Ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọmọ lórúkọ gan-an ni oyún wálẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ìwòsàn ni wọ́n wà. Wọn kò fẹ́ fi ẹkún tiwọn ba ayọ̀ tèmi jẹ́ ni wọ́n ṣe dákẹ́. Ojú tì mí. Mo lọ kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ṣe òfin mẹ́rin fún ara mi.

Èkíní: n kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ láìbéèrè. Nínú Súrátù Hujurát, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa nípa àbá dídá sí ọmọnìkejì. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí n tó dá a.

Èkejì: n kì í fèsì nínú ìbínú. Ọkùnrin kan ní kí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gba òun nímọ̀ràn. Ànábì ní kó má ṣe bínú. Ó tún béèrè léraléra, èsì kan náà ló gbà. Tèmi ni pé màá gbé fóònù sílẹ̀, màá ṣe àlùwàlá, ó di ẹ̀yìn ìrun kí n tó fèsì.

Ẹ̀kẹta: ìjà mi kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Ààlà tí Ànábì fún Mùsùlùmí nìyẹn, ó sì ní ẹni tó bá kọ́kọ́ sálámà ló dára jù nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀kẹrin: n kì í bo ìbànújẹ́ mọ́ra. Àwọn kan rò pé onígbàgbọ́ òdodo kì í sunkún. Ànábì Yaqub sunkún nítorí Yusuf títí ojú rẹ̀ fi funfun, Ọlọ́hun ló sì ń rò ó fún. Ànábì wa náà sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú. Mo máa ń sọ tèmi fún Ọlọ́hun nínú ìforíkanlẹ̀, mo sì ń sọ fún ẹnì kan tí mo fọkàn tán. Bó bá ju agbára mi lọ, màá lọ rí dókítà. Ìyẹn kò ba ìgbáralé Ọlọ́hun jẹ́. Ànábì ní ká so ràkúnmí wa ná.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ta ni ẹ yàn lódì báyìí? Ẹ pè é kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó kò. Ẹ kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ̀ ná, kí ẹ tó sọ ohun tó dùn yín.

Kí Ọlọ́hun fi ìfọ̀kànbalẹ̀ jíǹkí wa. Àmín.