Ọmọ Tí A Fún Ní Òdo

Ẹ óò rántí pé a ṣèlérí láti wá ròyìn ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí gbogbo wa ń pè ní TP. Ìròyìn tó pa ni lẹ́rìn-ín pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn wá lọ́kàn: a fún ọmọ kan ní òdo lórí ìdáhùn tí kò yẹ ká fún un ní òdo.

Àwa méjì ni wọ́n pín sí ilé-ìwé girama kan náà. Kíláàsì SS2 ni wọ́n fà lé wa lọ́wọ́, ọmọ 42. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí a ń kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ, a fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìbéèrè mẹ́rin péré ni: Ìwé ìtàn àròsọ wo ni ó kọ́kọ́ jáde ní èdè Yorùbá? Ta ni ó kọ ọ́? Ní ọdún wo? Níbo ni o ti rí ìdáhùn rẹ? Ká sọ tòótọ́, a kò ronú púpọ̀ kí a tó fi ìbéèrè kẹrin yẹn kún un. Olùkọ́ wa kan ní yunifásítì ló máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀, ni àwa náà bá fi tiwa ṣe olùkọ́.

Nígbà tí ìwé wọlé, a pín in sí méjì, a mú báírò pupa. Iṣẹ́ náà ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, D. O. Fágúnwà, 1938. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a fi ń kọ́ wọn wí. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ṣe kọ́ àwa nígbà tí a wà ní SS2. Níbi ìbéèrè kẹrin, ọ̀pọ̀ kọ "Google". Àwọn kan kọ "íntánẹ́ẹ̀tì". Ọ̀kan kọ "Bọ̀dá mi".

Ọmọ 9 kọ 1983 dípò 1938. A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lè ṣi nọ́ńbà kọ, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́sàn-án kì í ṣi í kọ bákan náà. A wá wò ó dáadáa, gbólóhùn wọn bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp kíláàsì wọn, ni àwọn yòókù bá dà á kọ. Bẹ́ẹ̀, oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni Fágúnwà ti kú. Kò sí èyí tó bi ara rẹ̀ pé báwo ni ìwé àkọ́kọ́ ẹni tó ti di olóògbé láti ogún ọdún ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń jáde.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kọ nǹkan mìíràn: Sẹ̀gilọlá, I. B. Thomas, 1930. Níbi ìbéèrè kẹrin, ó kọ ọ́ pé: "Ìwé tí bàbá mi àgbà fi kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ìwé àwọn olùkọ́." A fa ìlà pupa sí i. Òdo. A tún kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Lọ ka ìwé rẹ."

Lẹ́yìn kíláàsì, ó wá bá wa. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti gbọ́ nípa ìwé yìí rí?" A ní kò sí nínú ìwé tí a ń lò. Ó ní, "Ẹ ní ká sọ ibi tí a ti rí i. Mo sì sọ ọ́." A ní kó lọ jókòó. Ó jókòó lóòótọ́. Òun ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́ bí a bá béèrè nǹkan. Láti ọjọ́ náà, kò nawọ́ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a ń dín dòdò lẹ́yìnkùlé ilé tí a gbà, ni ọ̀kan nínú wa bá ní, "Sẹ̀gilọlá yìí, ṣé wọn kò dárúkọ rẹ̀ fún wa ní ọdún kejì?" Ara wa bù máṣọ. A tẹ orúkọ náà sórí fóònù. Nígbà tí a fi gbogbo àmì sí i, díẹ̀ ló jáde. Nígbà tí a tẹ "Segilola" lásán, àwọn nǹkan tí a ń wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ ń wá nǹkan Yorùbá lórí ayélujára: ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì, ẹ tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ ní àkọtọ́ àtijọ́. Ẹni tó ń wá "ayé" nìkan kò ní rí ìwé tí wọ́n kọ "aiye" sí lára.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wọkọ̀ padà sí ọgbà, a sì gba ilé ìkàwé lọ. I. B. Thomas ni olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Láti ọdún 1929 wọ 1930, ó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde nínú rẹ̀. Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni obìnrin náà pe ara rẹ̀. Àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó wá ń ka àbámọ̀ ayé fàájì tó ti bá àwọn ọkùnrin Èkó jẹ. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ní 1930, ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ, ó fi tẹ ìwé. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Ògbójú Ọdẹ tó dé. Nígbà tí Karin Barber tún Sẹ̀gilọlá tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012, àkọlé ìwé rẹ̀ gan-an pè é ní ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Èyí kò sọ Fágúnwà di ẹni yẹpẹrẹ. Ẹni tó bá ní ìwé tí wọ́n kọ ní odidi ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ń sọ, tí kì í ṣe lẹ́tà inú ìwé ìròyìn, ó ní ohun tó ń wí. Ìwé Fágúnwà dé ilé-ìwé, ìran dé ìran ló sì kà á. Ìwé ìròyìn ní tirẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á fi wé àkàrà. Ohun tó dùn wá ni pé ìbéèrè tó ní àríyànjiyàn nínú ni a béèrè bí ẹni pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní, a sì fìyà jẹ ẹni tó mú èkejì wá.

Ohun kan tún dójú tì wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a tó máàkì, a ti yẹ ìwé mẹ́ta tí wọ́n fi ń kọ́ni wò, gbogbo wọn ló sọ ohun kan náà, a sì gbà pé ẹ̀rí mẹ́ta nìyẹn. Nígbà tí a tún wọn kà, gbólóhùn kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àfi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó yàtọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Àwa rò pé ẹni mẹ́ta la gbọ́ tẹnu wọn. Kí ni a fi yàtọ̀ sí àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tó da 1983 kọ?

Ní ọjọ́ Ajé, a dúró níwájú kíláàsì, a dárúkọ ọmọ náà, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Kò pẹ́ ni kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. A fún un ní máàkì rẹ̀. A tún sọ fún un pé ìwé bàbá rẹ̀ àgbà kò tíì tó láti dá ẹjọ́, nítorí kò sọ ibi tí bàbá ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òun ló júwe ọ̀nà.

A wá kọ ìbéèrè mẹ́rin mìíràn sójú pátákó. Ta ló sọ ọ́? Ìgbà wo ló sọ ọ́? Ọ̀dọ̀ ta ni òun náà ti gbọ́ ọ? Ta tún ni ẹlòmíràn tó sọ ọ́, tí kì í ṣe pé ó dà á kọ lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́? A ní kí wọ́n yé kọ "Google". Google dà bí ẹni tó júwe ilé fún ọ. Ẹni tó ń gbé inú ilé náà ni kí o dárúkọ. Lórí ọ̀rọ̀ ọdún, a lo ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé tó fi ránṣẹ́ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n tẹ̀ sọnù. Johnson kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ ló fi àkọsílẹ̀ tó kù nílẹ̀ tún un kọ, ó sì jáde ní 1921. Bí ọmọ kan bá kọ 1897, tí èkejì kọ 1921, kí a tó fa ìlà pupa, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí wọ́n kọ.

Ọmọkùnrin kan nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí wọ́n bá bi wá nínú WAEC ńkọ́?"

Kí a tó lanu, ìyá tó ni kíláàsì náà gan-an, tó jókòó sẹ́yìn, ti dáhùn: "Fágúnwà ni kí ẹ kọ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó yín sí wàhálà." Màmá kò bá wa jà. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ ohun tí máàkì kan lè gbà lọ́wọ́ ọmọ. A kò lè fi ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ gbèjà ìwádìí tiwa. Ibi tí a fàbọ̀ sí ni pé bó bá jẹ́ ìbéèrè tí wọ́n á ti mú ọ̀kan nínú mẹ́rin, kí wọ́n mú ohun tí ìwé wọn sọ. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n á fẹnu ara wọn ṣàlàyé, kí wọ́n kọ méjèèjì, kí wọ́n sì sọ ìdí. Títí di òní, ìdáhùn yẹn kò tẹ́ wa lọ́rùn tán.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ kúrò níbẹ̀, ọmọbìnrin náà nawọ́. "Mà, báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé kò sí òmíràn ṣáájú Sẹ̀gilọlá?"

Ọ̀kan nínú wa fẹ́ dáhùn kíá. Èkejì fọwọ́ kàn án. A ní kí ọmọ náà kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀, àwa náà sì kọ ọ́. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ti jáde láti 1859. Àádọ́rin ọdún ló wà láàárín ìyẹn àti lẹ́tà Sẹ̀gilọlá àkọ́kọ́. Ìwé ìròyìn tó yẹ ní ṣíṣí láàárín wọn pọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. A ti mọ ibi tí a máa kọjú sí nígbà tí a bá fẹ́ yan àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá wa.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, bí ìwé ìròyìn àtijọ́ kan bá wà nínú àpótí bàbá yín nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wé àkàrà.