Fọ́tò inú ojú màámi

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Mo rí inú ojú màámi lórí kọ̀ǹpútà, ọjọ́ yẹn náà ni àṣírí irọ́ tí mo pa fún wọn tú.

Glaucoma ló ń ṣe wọ́n. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n: omi kan wà nínú ẹyinjú, kì í ṣe omijé o. Ojú fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ó sì ní ibi tíntín tó ń gbà jáde. Tí ibẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, omi á pọ̀ jù, á máa ti ẹ̀yìn ojú, á sì máa pa iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ. Kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, èèyàn ò ní fura. Màámi rò pé àwọn ọlọ́kadà Ìbàdàn ló kàn ń já lu àwọn lójijì ni.

Nígbà tí oògùn kíkán ò ká a mọ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń jẹ́ trabeculectomy fún ojú ọ̀tún. Wọ́n lu ihò kékeré sára funfun ojú, lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, wọ́n fi ìdérí bò ó kí omi má baà dà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Omi á máa yọ́ jáde sábẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó wà lókè, ibẹ̀ á wú bí ìléròrò. A fẹ́ kó wú.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara èèyàn ò mọ̀ pé a mọ̀ọ́mọ̀ lu ihò náà. Ọgbẹ́ ló kà á sí, ó fẹ́ dí i. Wọ́n tiẹ̀ fi mitomycin sí i, oògùn tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ, kí àpá má baà tètè mú.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ìfúnpá ojú wọn jẹ́ 11. Inú wa dùn. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, 26. Bẹ́ẹ̀ ìléròrò yẹn ṣì wú! Tó bá wú, kí ló dé tí omi ò lọ? Dókítà ní ká lọ ya fọ́tò rẹ̀ níbòmíràn, pé àwọn ò ní ẹ̀rọ tó ń ya iwájú ojú.

Ẹ̀rọ OCT ni. Kì í kan ojú rárá, ìmọ́lẹ̀ ló ń lò. Á ka bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta padà, á wá ya àwòrán bí ìgbà téèyàn gé búrẹ́dì, tó ń wo inú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi ìka gbé ìpéǹpéjú màámi sókè jẹ́jẹ́. "Mama, ẹ wo bàtà yín." Ó ti parí.

Dókítà fi hàn wá. Ibi tó dúdú, omi ni. Ihò náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n lókè rẹ̀, omi náà kóra jọ sójú kan, ògiri funfun tó ki sì yí i ká. Àpá ni. Omi ti jáde nínú ilé, ó wá há sí àgbàlá. Dókítà ní òun ò ní tún ojú náà ṣí, abẹ́rẹ́ lòun máa fi la ògiri yẹn.

Màámi wá bèèrè: "Tí ẹ bá là á, ṣé màá wá máa ríran bíi ti tẹ́lẹ̀?"

Dókítà wò mí. Ó ní èyí tó ti lọ ò lè padà, èyí tó kù la fẹ́ fi pamọ́.

"Ìwọ lo sọ fún mi."

Èmi ni. Mo sì mọ̀ pé irọ́ ni, mo ti kà á. Ẹ̀rù abẹ ń bà wọ́n, mo sọ ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n gbà.

A dé Mọ́kọ́lá kí wọ́n tó lanu. "Ká ní o sọ òótọ́, màá ṣì ṣe é. Mi ò kàn ní máa jí láràárọ̀ máa wo fèrèsé, bóyá ó ti mọ́ sí i."

Mi ò rí nǹkan sọ ju "ẹ má bínú, mà" lọ.

Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ là á. 14 ni ìfúnpá báyìí, a ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà tún ní kí àwọn ọmọ àti àbúrò wọn wá yẹ ojú wò, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì tí mo ti ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni mo gbà. Màámi ní àwọn máa tẹ̀lé mi, kí àwọn fi etí ara àwọn gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ.