Irun Orí Ère Náà

Ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí mi sí. N kò tíì gbọ́njú tí wọ́n ti ń sọ pé ọwọ́ bàbá mi àgbà ni mo gbé wáyé, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Bí mo bá fi àáké sa igi apá, kí ilẹ̀ tó ṣú, orí, ọyàn àti orúnkún obìnrin inú rẹ̀ ti yọ. Ọnà lílé nìyẹn, òun ló sì ń ya èèyàn lẹ́nu. Iṣẹ́ tó kù ni mi ò fẹ́: dídán, tí a ó máa fọ̀bẹ họ ara igi títí yóò fi jọ̀lọ̀, àti fínfín, níbi tí ojú àti irun ti ń jáde.

Ọmọ àgbẹ̀ kan wà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Ó ba igi jẹ́ títí ọ̀gá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a padà sílé. Ṣùgbọ́n alaalẹ́ ló ń pọ́n ọ̀bẹ. Á fi fá irun apá rẹ̀ wò; bí kò bá fá a, á tún pọ́n ọn. Òun ni mo ń gbé ère mi fún kó bá mi parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan gbé ère ìbejì mi, ó ń fi èékánná tọ ojú ìlà ṣùkú orí rẹ̀ lọ láti iwájú dé òkè. Ó béèrè ẹni tó di irun náà. Mo ní èmi ni. Ọmọkùnrin yẹn wà lẹ́yìn mi, ó ń gbá èérún igi. Ìró ìgbálẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá wa a máa sọ ìtàn Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún fún wa. Bàbá rẹ̀ gbẹ́gi, láti kékeré lòun náà sì ti ń gbẹ́ ẹ. Síbẹ̀, lọ́dún 1949, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Aréògún ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì, ó sì lo bí ọdún 3 níbẹ̀. Mo máa ń rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.

Nígbà tí ọmọ àgbẹ̀ yẹn ṣe fúrídọ̀ọ̀mù tán tó lọ, oníbàárà náà padà wá, ó fẹ́ méjì sí i. Ọ̀bẹ mi yọ̀, ó gé imú àkọ́kọ́ lọ. Irun èkejì dà bí ibi tí adìyẹ ti fẹsẹ̀ walẹ̀.

Mi ò sọ pé ẹ̀bùn kì í ṣe nǹkan. Ojú tó ń rí èèyàn nínú igi kó tó gbé àáké, wọn kì í kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyìn yẹn kò jẹ́ kí n mọ̀ pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lèmi náà.

Mo dá owó oníbàárà padà, mo jẹ́wọ́ fún un, mo júwe ibi tí ẹni tó di irun náà wà. Lẹ́yìn náà lèmi fúnra mi wọ mọ́tò lọ síbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lójú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ó ní kí n dìde. Ó gbé òkúta tó fi ń pọ́n ọ̀bẹ síwájú mi, ó sì bu omi sí i.