Ibùdó Àkójọ Èsì Ìbò, Leeds

Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, ni ilé ìdáná ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ jọ rẹ́ǹtì ní Leeds ti di ibùdó àkójọ èsì ìbò. Kò sẹ́ni tó yàn wá síbẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó dìbò nínú wa, torí òfin Nàìjíríà kò tíì ṣètò ìbò kankan fún ẹni tó bá wà lókè òkun. Káàdì ìdìbò ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú wa wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì bọ́ọ̀sì. Ó ní òun ò lè fi í sílẹ̀ nílé kí wọ́n má baà bá òun lò ó.

Ẹ wo orí tábìlì. Kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ láti Abuja, èkejì ṣí sórí IReV, ojú òpó ayélujára níbi tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, ti ṣèlérí pé èsì ibùdó ìdìbò 176,846 yóò máa wọlé. Wáyà fóònù lọ́ mọ́ra wọn lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gàrí ẹnìkan ti wú nínú abọ́, ẹni tó ni ín ò rántí rẹ̀ mọ́. Ti ilé aṣòfin ń wọlé; ti ààrẹ kọ̀, kò wọlé. A tún un ṣí, a tún un ṣí, òfìfo ni.

Bó ṣe di pé WhatsApp la gbójú lé nìyẹn. Àwòrán ìwé EC8A kan, ìwé èsì ibùdó ìdìbò, dé láti Ìbàdàn. Ọwọ́ ẹni tó yà á gbọ̀n, òjìji fóònù rẹ̀ sì bo igun kan. Bírò ni wọ́n fi kọ iye ìbò, wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fagi lé nọ́ńbà kan, wọ́n kọ òmíràn sórí rẹ̀. Nísàlẹ̀, ìfọwọ́sí aṣojú ẹgbẹ́ kan gùn débi pé ó wọ inú ilà ẹlòmíì. A fẹ̀ ẹ́ títí, à ń jà bóyá 7 ni àbí 1.

Ìyá ọ̀kan nínú wa pè láti Òṣogbo. Wọ́n ti dìbò láàárọ̀, ṣùgbọ́n dátà wọn ti tán, owó náírà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, tí wọn yóò fi ra òmíràn, ò sì sí ní báńkì. “Ìwọ tó o wà lọ́hùn-ún, kí ni wọ́n ń sọ nípa ti Ọ̀ṣun wa níbí?” Ọmọ tí kò dìbò wá ń ròyìn ìbò fún ìyá tó dì í.

Ariwo tiwa pọ̀ ju ti ará ilé lọ. Lójú tèmi, kò yani lẹ́nu: ẹni tí kò ní tò fún epo bẹntiróòlù lọ́la lè fi gbogbo òru jiyàn. Nígbà tí èsì Èkó jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Labour ní 582,454, APC ní 572,606. Ẹ̀gbọ́n, tó ń ṣe ti Aṣíwájú Tinubu, olùdíje APC, ka ìyàtọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì: 9,848. Èkó tí Aṣíwájú ti ṣe gómìnà ọdún mẹ́jọ! Àbúrò kan nínú wa, tó ń ṣe ti Obi, olùdíje Labour, gun orí àga, ó ń jó.

Ìdájí Wẹ́sìdé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ni Mahmood Yakubu, alága INEC nígbà náà, kéde pé Tinubu ló wọlé: ìbò 8,794,726. Ó kan Ẹ̀gbọ́n láti jó. Àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́; wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ìbò gómìnà. INEC sì tún sún ìyẹn láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18.