Ta Ló Ń Já Fóònù Mọ́ Màmá Mi Létí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbọ́ìgbọ́tán ní í dá ìjà sílẹ̀. N kò mọ̀ pé òwe yìí lè bá ẹ̀rọ Wi-Fi wí, àfi ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni bàbá mi máa ń pe màmá mi láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á bèèrè àlàáfíà wa, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó ilé-ìwé wa báyìí, ìpè á já. Màmá mi á pè padà, á tún já. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, màmá mi ju fóònù sórí àga, wọ́n ní, "Bàbá yín ń já fóònù mọ́ mi létí. Wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ owó." Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni bàbá mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé, "Bá mi bi màmá rẹ, kí ni mo ṣe tí wọ́n fi ń já fóònù mọ́ mi létí?"

Èmi ni àkọ́bí wọn. Mo mọ̀ pé kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Bí kò bá sí ẹni tó ń já fóònù, a jẹ́ pé nǹkan kan ló ń já a.

A kọ́kọ́ rò pé dátà ló tán, ṣùgbọ́n dátà ṣì kù. A ní nẹ́tíwọ̀kì ni kò dára, ṣùgbọ́n àbúrò mi ń wo fídíò ní pálọ̀ lásìkò kan náà, kò sì dúró. Màmá mi gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Onítọ̀hún dárúkọ owó gọbọi, màmá mi sì gbé fóònù wọn padà wálé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sí pálọ̀, mo ń ṣọ́ wọn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé orí owó, màmá mi dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, nítorí wọn kì í fẹ́ kí àwa ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ owó. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́, "Hẹ́lò? Hẹ́lò?" Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ló ń já ìpè, yàrá ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé fóònù náà rìn láti pálọ̀ dé yàrá ní ìgbà mẹ́wàá. Ìgbà mẹ́jọ ni àmì Wi-Fi pòórá lẹ́nu ọ̀nà yàrá kí ó tó padà.

Ìgbì rédíò méjì ni ráútà wa ń lò: 2.4 GHz àti 5 GHz. 5 GHz máa ń yára jù, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù tètè máa ń dín agbára rẹ̀ kù. 2.4 GHz kò yára tó o, àmọ́ ó máa ń la ògiri kọjá jù ú lọ. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ lórí ráútà wa. Ní pálọ̀, 5 GHz ni fóònù màmá mi ń dì mú. Bí wọ́n bá wọ yàrá, á ṣì rọ̀ mọ́ ọn títí á fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ó tó rí 2.4 GHz dì mú, ìpè ti já.

Ìṣòro kejì tún wà. Mo fi áàpù kan wo àwọn Wi-Fi àdúgbò wa. Mọ́kànlá ni wọ́n pẹ̀lú tiwa. Mẹ́jọ wà lórí ìkànnì 6, tiwa sì wà lára wọn. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́jọ ń sọ̀rọ̀ pọ̀ nínú yàrá kan. Ẹyọ kan péré ló wà lórí ìkànnì 1.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo ṣí 192.168.0.1 lórí fóònù mi, mo sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà lábẹ́ ráútà wọlé. Ìkánjú mú mi. Mo yí nǹkan márùn-ún padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò sì kọ ìkankan sílẹ̀. Wi-Fi kú pátápátá. Aránṣọ ni màmá mi, wọ́n sì ń retí àwòrán sítáì tí oníbàárà kan fẹ́ fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè gé aṣọ láàárọ̀. Wọn kò nà mí, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi wò mí ju ẹgba lọ. Mo ki abẹ́rẹ́ bọ ihò kékeré ẹ̀yìn ráútà títí ó fi padà sí bí a ṣe rà á.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo mú ìwé àti bírò. Mo ń kọ bí nǹkan ṣe wà sílẹ̀ kí n tó yí i padà. Bí mo bá yí ọ̀kan, mo máa dán an wò kí n tó kan òmíràn. Mo fún ìgbì méjèèjì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo gbé 2.4 GHz lọ sórí ìkànnì 1. Mo dín fífẹ̀ rẹ̀ kù láti 40 MHz sí 20 MHz, kí ó má baà máa gun orí ti aládùúgbò. Níkẹyìn, mo pa 5 GHz rẹ́ lórí fóònù màmá mi, kí ó má baà tún sá padà síbẹ̀.

Nígbà tí ìpè wọlé lọ́jọ́ Àìkú, tí màmá mi wọ yàrá tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sí pálọ̀, mo ń wo aago. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì! Nígbà tí wọ́n jáde, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Bàbá mi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ògiri ni mo ń bá bínú látọjọ́ yìí?" Màmá mi dáhùn pé, "Ẹ má bínú. Èmi náà ti bínú sí yín." Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

Títí di bí mo ṣe ń kọ àròkọ yìí, owó ilé-ìwé wa kò tíì pé. Ráútà kò lè bá wa san án. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹnu kò láti san án lẹ́ẹ̀mejì, ìdajì àkọ́kọ́ sì ti wọlé. Ní tèmi, bí ìpè ọ̀rẹ́ mi kan bá já báyìí, n kì í bínú mọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé, "Níbo lo dúró sí?"