Ẹ̀RỌ TÓ Ń TẸ́ TÍTÌ BÍ ẸNI TẸ́NÍ: ÀWỌN BÍRÍKÌLÀ WA ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀.

Bíríkìlà ni ẹ̀gbọ́n mi. Etí títì tí wọ́n ń fi kọnkéré ṣe ni òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń jẹun. Wọ́n á kan pákó, wọ́n á po kọnkéré, wọ́n á rù ú, wọ́n á dà á sáàárín pákó, wọ́n á wá dúró kó le kí wọ́n tó tú u.

Lóṣù tó kọjá, iṣẹ́ ìròyìn gbé mi dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe títì kọnkéré kan ní Èkó. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ká lọ. Ẹ̀rọ ńlá kan la bá, tó ń fi ẹsẹ̀ katapílà rìn jẹ́jẹ́. Típà ń da kọnkéré síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ ń tan án kálẹ̀, àwọn irin inú rẹ̀ ń mì ín jìgìjìgì kí afẹ́fẹ́ lè jáde, móòdù abẹ́ rẹ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́. Títì ló ń yọ lẹ́yìn rẹ̀ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ gún régé, kò sí pákó kankan tó dì í mú! Ẹ̀rọ kékeré kan náà ń yọ etí títì bẹ́ẹ̀ lápá kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ lọ. Ó wá ní, "Àbúrò, èyí ò ní í gba oúnjẹ lẹ́nu wa báyìí?"

Mo wádìí ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dán kékeré rẹ̀ wò lọ́dún 1947. Nígbà tó di 1949, wọ́n fi ṣe títì gidi. Torí kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ohun tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni. Ká má tan ara wa: ẹni tó ń kan pákó àti ẹni tó ń ru kọnkéré, ẹ̀rọ yìí gba iṣẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n kò lè dá a ṣe. Okùn tí èèyàn ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló ń tọ̀. Bí okùn bá wọ́, títì á wọ́. Kọnkéré rẹ̀ gbọ́dọ̀ ki. Bí omi bá pọ̀ jù, etí rẹ̀ á ya lulẹ̀. Bí típà bá pẹ́ tí ẹ̀rọ sì dúró, ojú ibẹ̀ lè rí gbágungbàgun. Èèyàn ló ń tún ojú rẹ̀ ṣe, tó ń fín oògùn sí i kí omi inú rẹ̀ má tètè gbẹ, tó sì ń fi ayùn gé e, kó lè jẹ́ ojú ibi tí wọ́n gé ni yóò ti sán. Kọ̀rọ̀ tóóró àti ẹnu ọ̀nà onílé, ọwọ́ bíríkìlà náà ni.

Lọ́dún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ títì etí òkun láti Èkó dé Kàlàbá, nǹkan bí 700 kìlómítà, kọnkéré ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe, ẹ má kó ẹ̀rọ dé kẹ́ ẹ fi àwọn bíríkìlà wa sílẹ̀ bí òǹwòran. Ẹ kọ́ wọn ní okùn títa, ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mọ kọnkéré tó ki. Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹni tó bá kọ́ ọ lónìí ni wọ́n máa wá lọ́la. Ẹ̀yin òǹkàwé ńkọ́, kí lẹ rí sí i? Ẹ kọ̀wé sí wa.